Ẹni Tí Ó Lè Bi Àkójọ Dátà Léèrè: Irinṣẹ́ Orísun Gbangba, Datasette, àti Àmì Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ àkójọ dátà tí ó kan ìtàn àti èdè Yorùbá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí, ṣùgbọ́n wíwà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí pé onímọ̀ lè bi wọ́n ní ìbéèrè tirẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ irinṣẹ́ orísun gbangba tí a fi ń wo inú àkójọ dátà, àti bí a ṣe ń gbé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde fún aráyé. Datasette, tí Simon Willison gbé jáde ní 2017, àti SQLite tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí a gbé yẹ̀ wò. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé irinṣẹ́ wọ̀nyí kò mọ ètò álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, àti pé wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ó yàtọ̀ síra sí ọ̀kan ṣoṣo. Ó sì jiyàn pé àǹfààní tí ó ga jù lọ nínú orísun gbangba kì í ṣe pé a kò sanwó, bí kò ṣe pé ẹni tí ó mọ èdè ní àyè láti tún irinṣẹ́ náà ṣe.

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún 1999, ilé ìtẹ̀wé Cambridge University Press gbé àkójọ dátà ńlá kan jáde lórí àwo CD-ROM. Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 27,000 ni ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tí ó kó àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú kọjá Òkun Àtìláńtíìkì. David Eltis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá ní àwo náà, tí kò sì ní kọ̀ǹpútà tí ó lè kà á, kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2008, àkójọ náà bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. SlaveVoyages ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí, ìrìn-àjò tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní 36,000.

Àkójọ mìíràn tí ó bá a tan ni ti orúkọ àwọn ènìyàn, tí iye wọn lé ní 91,000. Lẹ́yìn tí ìjọba Bìrìtìkó fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọmọ ogun ojú omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown. Ilé ẹjọ́ mìíràn sì wà ní Havana. Àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá akọ ni tàbí abo, àti bí ó ṣe ga tó. Irú ìgbàsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó gbé Àjàyí Crowther dé Freetown ní 1822. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó wà lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí: Aku ni a pè wọ́n ní Sàró, Lucumí ni a pè wọ́n ní Kúbà.

Onímọ̀ Yorùbá tí ó bá dé ìdí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ yóò ní ìbéèrè tí ẹlòmíràn kò ní. Bí àpẹẹrẹ, Àìná jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá tí a sábà máa ń fún ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ọkùnrin ni a sì máa ń sọ ní Òjó. Bí akọ̀wé bá kọ «Aina» tàbí «Ojo» sílẹ̀, òpó tí ó sọ bóyá akọ ni tàbí abo lè ran onímọ̀ lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá orúkọ àmútọ̀runwá Yorùbá ni akọ̀wé náà gbọ́ lóòótọ́. Láti ṣe èyí, ó gbọ́dọ̀ so òpó méjì pọ̀, kí ó kà wọ́n ní ọdún dé ọdún, kí ó sì fi wọ́n wé èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra. Fọ́ọ̀mù ìwákiri èyíkéyìí, bí ó ti wù kí ó dára tó, kìkì ìbéèrè tí ẹni tí ó kọ́ ọ ti rò tẹ́lẹ̀ ni ó lè gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ìmọ̀: ẹni tí ó kọ́ irinṣẹ́ ni ó ń pinnu ohun tí àwọn yòókù lè béèrè.

2.0 Ohun tí orísun gbangba túmọ̀ sí

Kóòdù ni àwọn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Bí ẹni tí ó kọ kóòdù bá gbé e síta kí gbogbo ènìyàn lè kà á, lò ó, yí i padà, kí wọ́n sì pín ẹ̀dà tí wọ́n ti yí padà fún ẹlòmíràn, a lè pe irinṣẹ́ náà ní irinṣẹ́ orísun gbangba. Láti 1998 ni àjọ Open Source Initiative ti ń sọ irú ìwé-àṣẹ tí ó bá ìlànà yìí mu.

Ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rò pé kóòdù tí a bá ti rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ dáàbò bo kóòdù gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dáàbò bo ìwé. Kóòdù tí kò ní ìwé-àṣẹ dà bí ilẹ̀ tí a kò ṣe ọgbà yí ká: ojú ń wò ó, ṣùgbọ́n ó ní olówó. Irinṣẹ́ méjì tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí sọ ipò tiwọn kedere. Ìwé-àṣẹ Apache ẹ̀dà 2.0 ni Datasette ń lò. Àwọn tí ó kọ SQLite ní tiwọn yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn pátápátá, wọ́n sì fi kóòdù náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

3.0 SQLite: àkójọ dátà nínú fáìlì kan

D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ SQLite ní ọdún 2000, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà fún ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan. Àwọn àkójọ dátà ìgbà náà sábà máa ń nílò sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tàbí ètò àkànṣe tí ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè rí dátà. Bí sáfà bá ṣubú, iṣẹ́ dúró. SQLite mú sáfà kúrò. Gbogbo àtẹ, gbogbo ìlà àti gbogbo òpó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tí a lè fi ránṣẹ́, tí a lè gbé sínú fọ́nrán ìpamọ́ kékeré, tí a sì lè ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù ìgbàlódé ni ó wà, bí ẹni tí ó ni fóònù kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìdí méjì ni ó fi yẹ kí onímọ̀ ka irinṣẹ́ yìí sí. Èkíní ni pípẹ́: àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́ máa ṣe àtìlẹ́yìn fún un títí di ọdún 2050, Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, sì ka irú fáìlì náà mọ́ àwọn tí ó dámọ̀ràn fún ìpamọ́ dátà. Èkejì ni pé ó rọrùn láti gbé kiri. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iná mànàmáná rẹ̀ kì í dúró, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wọ́n ládùúgbò rẹ̀, lè fi fáìlì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ odidi oṣù kan.

4.0 Datasette: ojú fèrèsé sí inú fáìlì náà

Fáìlì SQLite kò ní ojú tí ènìyàn lè fi wò ó. Ẹni tí kò bá mọ èdè ìbéèrè tí a ń pè ní SQL kò lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àlàfo yìí ni Datasette wá dí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni Simon Willison gbé e jáde. Inú iṣẹ́ ìròyìn ni Willison ti wá. Òun àti Adrian Holovaty ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Django ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Ní 2005 ni wọ́n gbé Django jáde fún gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni ó ṣiṣẹ́ ní The Guardian ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣòro tí àwọn oníròyìn ń ní kò yàtọ̀ sí ti àwọn onímọ̀: wọ́n á tẹ àwòrán ìṣirò kan jáde, ṣùgbọ́n àtẹ tí wọ́n ti fa ìṣirò náà yọ kò ní dé ọwọ́ òǹkàwé.

Bí a bá na ọwọ́ Datasette sí fáìlì SQLite kan, yóò sọ ọ́ di ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Àtẹ kọ̀ọ̀kan yóò ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan náà yóò sì ní tirẹ̀. Òǹlò lè fi òpó kan pín àtẹ sí ìsọ̀rí, kí ó sì rí iye ìlà tí ó wà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: bí àpẹẹrẹ, mélòó ni ó jẹ́ abo, mélòó ni ó jẹ́ akọ. Ó lè gba èsì náà sílẹ̀ bíi CSV tàbí JSON, kí ó lè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú irinṣẹ́ mìíràn. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àpótí kan wà tí òǹlò lè kọ ìbéèrè SQL tirẹ̀ sí.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò béèrè pé: kí ni kò ní jẹ́ kí àlejò fi ìbéèrè búburú ba àkójọ náà jẹ́? Ìdáhùn Datasette ni pé kíkà nìkan ni àpótí yìí wà fún; òǹlò kò lè fi ìbéèrè tí ó kọ síbẹ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìbéèrè tí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ yóò dúró fúnra rẹ̀, èsì kan kò sì ní ju ìlà 1,000 lọ. Ìgboyà láti ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò dá lórí mímọ ohun tí a ti tì pa.

Ohun méjì mìíràn wà tí ó kan ìwádìí ní tààrà. Èkíní, ìbéèrè tí òǹlò kọ máa ń wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé náà. Onímọ̀ lè fi àdírẹ́sì yẹn sínú iṣẹ́ rẹ̀, kí òǹkàwé tẹ̀ ẹ́, kí ó rí ìbéèrè náà gan-an àti èsì rẹ̀, kí ó sì yí ọ̀rọ̀ kan padà láti wò ó bóyá àbájáde náà yóò dúró. Èkejì, Datasette fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbé dátà síta láti kọ orísun rẹ̀ àti ìwé-àṣẹ rẹ̀ sí ojú ìwé. Dátà tí a kò mọ ibi tí ó ti wá kò ṣeé fi jẹ́rìí.

5.0 Gbígbé irinṣẹ́ jáde

Ọ̀tọ̀ ni kí a bímọ, ọ̀tọ̀ ni kí a tọ́ ọ. Kíkọ kóòdù jẹ́ apá kan. Gbígbé e jáde lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi lè gbára lé e jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ohun mẹ́ta ni ó kéré jù tí ó gbọ́dọ̀ bá kóòdù rìn. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò, ìyẹn kóòdù kékeré tí ó ń yẹ irinṣẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí a bá yí nǹkan padà, kí àtúnṣe òní má ba iṣẹ́ àná jẹ́. Èkejì ni ìwé ìtọ́sọ́nà. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà ẹ̀dà, tí ó ń sọ fún òǹlò bóyá ohun tí ó yí padà kéré tàbí ó pọ̀ débi pé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Willison ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó gbé kóòdù, ìdánwò àti ìwé ìtọ́sọ́nà wá papọ̀, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí a ti jíròrò ìdí tí a fi ṣe é. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún yóò mọ ohun tí a ṣe, yóò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọgbọ́n mìíràn tí ó wà nínú Datasette ni àfikún. Dípò kí olùdásílẹ̀ kó ohun gbogbo tí ayé ń fẹ́ sínú irinṣẹ́ kan, ó ṣí àwọn ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ nínú kóòdù. Ẹlòmíràn lè kọ àfikún kékeré, kí ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí ó sì gbé e jáde lórúkọ ara rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Datasette-cluster-map jẹ́ ọ̀kan lára irú àfikún bẹ́ẹ̀: ó ń wo àtẹ tí ó ní òpó fún ipò orí ilẹ̀ ayé, ó sì ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn lórí máàpù.

6.0 Ibi tí èdè Yorùbá ti bá irinṣẹ́ pàdé

Àwọn tí ó kọ́ irinṣẹ́ wọ̀nyí kò ní Yorùbá lọ́kàn, ó sì hàn níbi mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni títò. Bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún SQLite, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó fi ń tò wọ́n. Nọ́ńbà ẹ, ọ àti ṣ tóbi ju ti y lọ. Nítorí náà, ẹja àti ọkọ̀ yóò wá lẹ́yìn yàrá. SQLite kò sì mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb: yóò to gbà ṣáájú gùn, nígbà tí álífábẹ́ẹ̀tì wa fi g ṣáájú gb.

Èkejì ni pé ọ̀nà tí a lè gbà tẹ lẹ́tà kan ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan lè tẹ ọ́ bíi ọ tí a fi àmì ohùn òkè lé lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ó, kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ohun kan náà ni wọ́n. Lójú SQLite, wọ́n yàtọ̀, nítorí kì í mú wọn bára dọ́gba fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò sọ fún un pé èsì rẹ̀ kò pé.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà ńlá àti kékeré. Nínú ìwákiri kan tí SQLite ń pè ní LIKE, O àti o jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n Ọ àti ọ kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí lẹ́tà tí kò ní àmì nìkan ni ó mọ̀ ní ńlá àti ní kékeré.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. SQLite ní ẹ̀rọ ìwákiri ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ́ FTS5, tí Datasette ń lò. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ẹ̀rọ yìí máa ń yọ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára lẹ́tà kí ó tó wá ọ̀rọ̀. Oko tí a ń ro, òkò tí a ń sọ, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ di «oko» kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ti parí sí ọ̀kan.

Kò yẹ kí a tètè dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi. Nínú àkọsílẹ̀ Freetown àti Havana, yíyọ àmì kúrò ṣe ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyẹn ni a ti kọ sílẹ̀ kí ìpàdé tí ó wáyé ní Èkó ní 1875 tó jíròrò bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe kọ ọ́. Bí onímọ̀ bá tẹ «Òjó», ó fẹ́ kí irinṣẹ́ mú «Ojo» wá fún un. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ ewì tàbí ìtàn àròsọ òde òní, ohun tí onímọ̀ ń wá gan-an ni àmì náà. Ètò tí ó tọ́ fún dátà kan lè ba òmíràn jẹ́. Ẹni tí ó mọ èdè àti ìtàn dátà náà nìkan ni ó lè yàn.

7.0 Àtúnṣe tí ó ṣeé ṣe

Bí irinṣẹ́ bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ tí ó pa kóòdù rẹ̀ mọ́, onímọ̀ Yorùbá yóò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, yóò sì máa retí. Níbi tí orísun bá ti jẹ́ gbangba, iṣẹ́ ni yóò ṣe. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó tó, ẹni tí ó bá sì ti kọ́ èdè Python díẹ̀ lè gbé wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí a mú gbogbo ọ̀rọ̀ bá ọ̀nà ìtẹ̀ kan ṣoṣo mu kí a tó kó wọn sínú fáìlì. Python ní ohun tí ó ń ṣe èyí nínú ara rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kejì ni kí àtẹ ní òpó méjì fún ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé, ìkejì láìní àmì. A lè sọ fún FTS5 pé kí ó má yọ àmì kúrò nígbà tí ó bá ń ka òpó àkọ́kọ́. Òǹlò ni yóò yan èyí tí ó bá ìbéèrè rẹ̀ mu. Ìgbésẹ̀ kẹta ni àfikún Datasette tí yóò kọ́ SQLite ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ẹnu ọ̀nà kan wà nínú Datasette, prepare_connection lorúkọ rẹ̀, tí ó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyè: a ó kọ lẹ́tà 25 náà ní ẹsẹẹsẹ, a ó sì sọ pé gb jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìdánwò irú àfikún bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti kọ. Ejò gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹja. Gùn gbọ́dọ̀ ṣáájú gbà. Oko gbọ́dọ̀ ṣáájú ọkọ. Sùn gbọ́dọ̀ ṣáájú ṣe. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó mọ a, b, d lè sọ bóyá ó tọ́. Ìmọ̀ tí ìdánwò yìí ń béèrè kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníkóòdù ayé, ó sì wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí yóò ka àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá fi ìwé-àṣẹ sí i, tí a sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ní Yorùbá, ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn, ní Kétu, ní Bahia tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè lò ó ní ọjọ́ kan náà.

Ó yẹ kí a fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ṣíṣí irinṣẹ́ sílẹ̀ kò sọ ọ́ di dandan kí a ṣí dátà sílẹ̀. Ẹsẹ Ifá tí babaláwo sọ fún olùwádìí lábẹ́ àdéhùn, tàbí ohùn ẹni tí a gbà sílẹ̀ nílé rẹ̀, ní olówó. Datasette lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà onímọ̀ nìkan láì dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irinṣẹ́ kan náà lè ṣí ìlẹ̀kùn fún gbogbo ayé tàbí kí ó wà ní ìyẹ̀wù.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Láti orí àwo CD-ROM ọdún 1999 dé orí fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè bi léèrè, ohun tí ó yí padà ju ọ̀nà ìpamọ́ lọ. Ẹ̀tọ́ láti béèrè ni ó ti ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kó dátà jọ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò tíì pé fún ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin oko àti ọkọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù kò pọ̀: ìlànà ìtẹ̀ kan, òpó méjì, lẹ́tà 25. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Python, tí ó sì ka àfikún tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé jáde sí iṣẹ́ ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ka àpilẹ̀kọ sí, lè parí rẹ̀.